Goṣṭha: ṣé ilé màlúù ni, àbí agbo màlúù?

Àbá tí ó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa túmọ̀ goṣṭha, ọ̀rọ̀ Sáńsíkírítì, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, sí «ilé màlúù». N kò fara mọ́ ọn, nítorí pé kò sí ilé nínú ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Go ni màlúù. Inú sthā, tí í ṣe «dúró», ni apá kejì ti wá, Pāṇini, onígírámà Sáńsíkírítì ayé àtijọ́, sì ti ṣe òfin nínú ìwé gírámà rẹ̀, Aṣṭādhyāyī, pé s inú rẹ̀ yóò di ṣ bí ó bá tẹ̀ lé go. Ibi tí màlúù ń dúró sí ni goṣṭha, yálà a kan òrùlé lé e tàbí a kò kàn án. Gośālā ni ilé màlúù, nítorí śālā ni ilé tàbí gbọ̀ngàn. Òun náà ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn màlúù tó ti darúgbó ní Íńdíà títí di òní.

«Ibùdúró màlúù» bá ìpìlẹ̀ yẹn mu, ṣùgbọ́n «agbo màlúù» ni mo yàn. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ ohùn rẹ̀, kí ó má di àgbò tàbí àgbo.) Láti ara goṣṭha ni goṣṭhī ti jáde, èyí tí í ṣe àpéjọ àwọn ènìyàn àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ ń sọ níbẹ̀; bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwa náà ní agbo àgùntàn, agbo ijó àti agbo òṣèlú. Gotra pàápàá, tí ó jẹ mọ́ ọgbà màlúù nínú Rigveda, àkójọ orin mímọ́ àtijọ́ ti Íńdíà, kí ó tó di orúkọ ìran, kò jìnnà sí agbo ilé wa, tí ó jẹ́ ọgbà, tí ó sì tún jẹ́ àwọn ẹbí inú rẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé agbo lè jẹ́ àwọn ẹran fúnra wọn, kí ó má jẹ́ ibi tí wọ́n wà. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyí tí a fi máa ń sọ pé «inú agbo» nígbà tí a bá fẹ́ tọ́ka sí ibẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì sọ pé ọ̀rọ̀ «màlúù» tí a fi kún agbo ti pọ̀ jù, àwọn onígírámà tó tẹ̀ lé Pāṇini gba avigoṣṭha láàyè fún ti àgùntàn, wọ́n sì gba gogoṣṭha fún ti màlúù, níbi tí go ti wáyé lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé etí kò gbọ́ màlúù nínú goṣṭha mọ́.

Ó ku gauṣṭhīna, tí Pāṇini ní ó jẹ́ ilẹ̀ tí ó ti fìgbà kan rí jẹ́ goṣṭha. Ahoro agbo ni èmi yóò pè é.