Ta ló rántí Arélù? Ẹni tó bá ní kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kó sọ̀rọ̀ o

Ọmọ Ìyàrà: Ọ̀kun o gbogbo ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá Arélù, eré tẹlifíṣọ̀n ti Jimoh Aliu, èyí tí a máa ń wò lálẹ́ nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara, kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní 1991. Kì í ṣe ègé ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́rin tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp o, odindi ni mò ń wá. Níbo lẹ ti wò ó? Ẹni tó bá mọ ibi tí téèpù ẹ̀ wà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dákẹ́.

Bàbá Ògìdì: FÁDÈYÍ OLÓRÓ!!!

Ìyá Ìbejì Ìsánlú: Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò fẹ́ kí n sùn lálẹ́ òní nìyẹn. Ní àdúgbò wa ní Ìsánlú, ilé tíṣà kan ṣoṣo ló ní tífí, bíláàkì-áńdì-wáìtì, bátìrì mọ́tò ni wọ́n fi ń gbé e tí iná bá lọ, iná sì kúkú máa ń lọ. Àwọn àgbà á jókòó sórí àga, àwa ọmọdé á wà nílẹ̀, àwọn tó bá pẹ́ dé á rọ̀ mọ́ fèrèsé bí àdán. Wíwò ó kọ́ ni ìṣòro, àtilọ sílé ni. Ìrókò kan wà láàárín ilé tíṣà àti ilé wa, òkùnkùn biribiri, a á di ara wa lọ́wọ́ mú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin á ṣáájú. A ò ní í tíì dé abẹ́ igi yẹn tán tí ẹ̀gbọ́n mi á ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọfọ̀ bíi Fádèyí inú eré náà, pẹ̀lú ohùn tó ń ti ìsàlẹ̀ ikùn bọ̀ yẹn. Eré di eré! Bàtà mi kan já síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, mi ò lọ mú un àfi ìgbà tí ilẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi náà tún ni mo kọ́kọ́ dé ilé tíṣà.

Yàgbà Gidi: Ẹ̀rín pa mí o mà. Gbogbo ìlú ló ní ẹ̀gbọ́n tó máa ń pọfọ̀ lójú ọ̀nà. Tiwa ní Mọpà, á tún já ewé sẹ́nu, á máa jẹ ẹ́.

Àdùkẹ́: ewé wo? 😂

Yàgbà Gidi: Ewé tó bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́ ni. Ọjọ́ kan ó já èsìsì.

Ìyá Ìbejì Ìsánlú: Yéè!

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀: Àwa ò ní wàhálà tiyín, Ìlọrin ń wọlé kedere ní Ẹ̀gbẹ̀.

Ọ̀wẹ́ Kàbà: Kedere bí i ti báwo? Ní Kàbà ọ̀dọ̀ wa, a so éríà mọ́ orí ọparun tó ga ju ilé lọ, èmi ni mo máa ń wà níta tí mò ń yí i. Wọ́n á pariwo látinú ilé pé "ó ti mọ́, dúró bẹ́ẹ̀," tí n bá ti fi ọwọ́ sílẹ̀ báyìí, ojú tífí á funfun, á máa hó ṣàà. Ìgbà mìíràn wọ́n á ní kí n máa di ọparun mú títí eré á fi parí. Ohùn Fádèyí ni mo gbọ́ jù, ojú ẹ̀ kọ́. Àkúrẹ́ la sì ń mú, Ìlọrin kọ́.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀: Àkúrẹ́ kẹ̀, nígbà tí ẹ wà ní Kwara?

Ọ̀wẹ́ Kàbà: Àbúrò, afẹ́fẹ́ ò mọ ààlà ìpínlẹ̀. Ta ló sún mọ́ wa, ṣé Àkókó ti Oǹdó ni àbí Ìlọrin?

Gbẹdẹ Lèmi: Ṣé ó dá yín lójú pé Arélù ni gbogbo ohun tí ẹ ń sọ yìí? Jimoh Aliu náà ló ṣe Yánpọnyánrin o. Mo rò pé ẹ ti pò ó pọ̀.

Bàbá Ògìdì: Fádèyí ní Arélù ni. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Ọmọ Alàgbà: Wọn ò jẹ́ ká wò ó nílé wa rárá. Bàbá mi ní ọfọ̀ kì í wọ ilé onígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n yàrá wa fara kan yàrá onílé, ògiri náà ò sì nípọn, gbogbo ẹ̀ la fi etí gbọ́. Mo dàgbà tán kí n tó rí ojú Òrìṣàbùnmi. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ, torí obìnrin yẹn kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni nínú eré yẹn, ohùn ẹ̀ nìkan sì ti sọ fún mi bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri.

Àdùkẹ́: Olla ní Kwara ni Òrìṣàbùnmi ti wá, ìpínlẹ̀ kan náà la jọ wà nígbà náà. Ọmọ wa ni.

Ọ̀wẹ́ Kàbà: Jimoh Aliu gan-an ńkọ́? Ìkàrẹ́ ló ti dá ẹgbẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ ní 1966, lẹ́yìn tó kúrò lọ́dọ̀ Akin Ogungbe, àgbà òṣèré. Ìkàrẹ́ nìyẹn o, ọjà tí àwọn ìyá wa ń ná! Ó wọṣẹ́ ológun ní 1967, ó sì kúrò níbẹ̀ ní 1975 kó lè gbájú mọ́ eré.

Gbẹdẹ Lèmi: Ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ni, Èkìtì ni, ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ Ìyàrà: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká padà sórí téèpù. Jimoh Aliu, Bàbá Àwòrò, ti lọ ní 2020, Òrìṣàbùnmi tẹ̀ lé e ní January 2021, Fádèyí náà lọ ní March 2023. Àwọn tí a lè bi léèrè ń tán lọ.

Tẹ́kíníṣọ̀n: Mo ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan rí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Téèpù wọ́n nígbà yẹn, tí wọ́n bá ti fi eré hàn tán, wọ́n á tẹ nǹkan mìíràn lé e lórí, ìròyìn ni, ìpàdé gómìnà ni. Kì í ṣe ìwà burúkú, owó ni ò sí. BBC ìlú òyìnbó gan-an pa Doctor Who, eré tẹlifíṣọ̀n tiwọn, rẹ́ báyẹn. Ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n ti padà rí mẹ́sàn-án nínú ẹ̀ ní 2013? Jos! Fíìmù tí wọ́n ti tà fún àwọn ará ibí ló wà nílé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀ láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó bìkítà fún un.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀: Jos wa yìí?

Tẹ́kíníṣọ̀n: Jos wa yìí. Eré ọdún 1967 sí 1968. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún yín pé kí ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn àgbà yín. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ fídíò nígbà yẹn lè ti ká Arélù sílẹ̀ látorí tífí.

Àdùkẹ́: Ẹ dúró ná, àpótí bàbá mi àgbà wà ní Kàbà, mo wà níbẹ̀ báyìí.

Àdùkẹ́: Mo ti rí kásẹ́ẹ̀tì kan!!! Wọ́n kọ ARÉLÙ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú bírò, ṣùgbọ́n wọ́n ti fa ìlà kọjá lórí ẹ̀, wọ́n wá kọ ÌGBÉYÀWÓ sábẹ́. Mo ṣí ìdérí iwájú yẹn, nǹkan funfun kan hù sétí téèpù. Ṣé kí n fi sínú ẹ̀rọ wò?

Tẹ́kíníṣọ̀n: RÁRÁ O! Èbu nìyẹn. Tí o bá fi sínú ẹ̀rọ, á ba orí ẹ̀rọ jẹ́, á sì ran kásẹ́ẹ̀tì mìíràn tó bá wọbẹ̀. Má gbé e sórùn, má fi omi nù ún. Wò ó ná, ṣé wọ́n kọ E-180 sí i?

Àdùkẹ́: Bẹ́ẹ̀ ni sà.

Tẹ́kíníṣọ̀n: Wákàtí mẹ́ta nìyẹn. Tí ìgbéyàwó náà ò bá gbà ju wákàtí méjì lọ, ohun tó kù nísàlẹ̀ lè ṣì wà níbẹ̀. Gbé e sínú bébà gbígbẹ, kó wà ní òró. Ọmọ Ìyàrà, wá gbà á lọ́wọ́ Àdùkẹ́, mo mọ ẹni tó máa ń fọ̀ ọ́ ní Ìlọrin.

Ọmọ Ìyàrà: Mo ń bọ̀ lọ́la.

Bàbá Ògìdì: Ta ló lọ ṣe ìgbéyàwó lé Fádèyí lórí?

Àdùkẹ́: Àwọn òbí mi ni sà.