Hemingway ní Yorùbá: kí ló dé tí ìtumọ̀ wa fi ń wú?

Adékọ́mọ, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ìwé. Ẹgbẹ́ òǹkàwé kan níbí fẹ́ ka ojú ewé 10 àkọ́kọ́ nínú The Old Man and the Sea, ìtàn apẹja tí Ernest Hemingway ará Amẹ́ríkà kọ, sókè ní Yorùbá fún àwọn ọmọ SS2. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò le rárá, síbẹ̀ ojú ewé 10 ti di 16 lọ́wọ́ wa, ó sì ń dún bí ìwàásù. Àwọn ọmọ náà tún ń béèrè pé kí ló wà nínú ìtàn bàbá kan tó pa ẹja, tí ẹja mìíràn wá jẹ ẹ́ tán. Níbo la ti ṣì í?

Akéwé Àgọ́-Ìwòyè
Mo fura pé ẹ ti fi òwe kún un, ẹ ò kàn tíì sọ fún wa ni.

Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Kansas City Star ni Hemingway ti kọ́ṣẹ́, láàárín 1917 sí 1918. Òfin tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ níbẹ̀ ni pé kí gbólóhùn kúrú. Nígbà tó di 1932, nínú ìwé tó kọ lórí ìjà màlúù ní Sípéènì, ó fi ìtàn wé òkè yìnyín tó léfòó lójú òkun: ìdá kan nínú mẹ́jọ ló yọ síta. Ohun tí òǹkọ̀wé bá mọ̀ dájú, ó lè yọ ọ́ kúrò, òǹkàwé yóò sì mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n ohun tó bá fò nítorí pé kò mọ̀ ọ́n, ihò ló máa dá sínú ìtàn.

Ẹ̀yin wá ń wọ ìdá méje tó kù gòkè. Ẹ wo gbólóhùn àkọ́kọ́: bàbá arúgbó, òun nìkan, ọkọ̀ kékeré, Gulf Stream (omi òkun tó ń ṣàn bí odò), ọjọ́ 84 láìpa ẹja kan. Kò sí "ó mà ṣe o" níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ "ọjọ́ gbọọrọ" dípò 84 ti bà á jẹ́, torí nínú nọ́ńbà yẹn gan-an ni ìbànújẹ́ wà. Ọjọ́ 40 ni ọmọdékùnrin kan, Manolin, fi bá bàbá lọ, kí àwọn òbí rẹ̀ tó ní kó bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín fúnra wọn yọ 40 kúrò nínú 84.

Ẹ mú bírò pupa. Ẹ fàlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí inú ṣe rí: "pẹ̀lú ìrora ọkàn", "ó ṣeni láàánú". Tí kò bá sí nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹ pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àwọn "and" rẹ̀. Ẹ má fi "ó sì" rọ́pò ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò máa ta kọsẹ̀. Yorùbá ti ní tirẹ̀: ó ju okùn sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó gbé ọ̀kọ̀ sókè. Ó tán.

Ẹ fàmì sórí ọ̀rọ̀ o! Ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ jọ wà nínú ìtàn yìí. Ẹni tó bá ń kà á sókè láìsí àmì lè ju ọkọ̀ lu ẹja, kí àjẹ̀ tí wọ́n fi ń tukọ̀ sì di àjẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọmọ Etí-Omi, Ìwòpin
Ọ̀wọ̀ ló máa dà yín láàmú jù. Manolin ò lè pe Santiago, bàbá arúgbó yẹn, ní "ìwọ". "Ẹ" ni, "Bàbá" ni. Ṣùgbọ́n tí asọ̀tàn bá ń pe bàbá ní "wọ́n", nígbà tí àwọn àkurákudà (shark) tó wá jẹ ẹja rẹ̀ bá dé, a ò ní mọ ẹni tó ń bu ẹnì kejì jẹ. "Ó" ni kí asọ̀tàn lò, kí "ẹ" wà lẹ́nu ọmọ.

Bàbá tún ń pe ẹja ní "brother". Èdè wa máa bi í: ẹ̀gbọ́n ni àbí àbúrò? Ẹ lo "ọmọ ìyá mi". Òkun ńkọ́? La mar ni bàbá ń pè é ní èdè Sípéènì, bí obìnrin. Àwọn ọ̀dọ́ tó fi owó ẹ̀dọ̀ àkurákudà ra ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ń pè é ní el mar, bí ọkùnrin, bí ọ̀tá. "Ó" tiwa kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Ẹ fi ọ̀rọ̀ méjèèjì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, ẹ má sì sọ ọ́ di Olókun.

Akọ́mọlédè Ṣágámù
N kò fara mọ́ pípa gbogbo òwe rẹ́. Bàbá fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí àgbà: ó ní a lè pa ènìyàn run, a ò lè ṣẹ́gun rẹ̀. Ibi tó bá ti lanu sọ irú èyí, ẹ jẹ́ kí Yorùbá rẹ̀ jinlẹ̀. Ẹnu asọ̀tàn nìkan ni kó gbẹ.

Lórí jíjìn àwọn okùn ìpẹja tí bàbá jù sínú omi: 40, 75, 100 àti 125 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìwọ̀n nínà apá méjèèjì, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 6. Ẹ má yí i sí mítà. Mítà á sọ apẹja di ẹnjiníà.

Adékọ́mọ, Ìjẹ̀bú-Òde
A ti rí òwe méje pa rẹ́. Ìbéèrè àwọn ọmọ ńkọ́?

Akéwé Àgọ́-Ìwòyè
Ẹ ní kí wọ́n to ohun ìjà bàbá sórí bọ́ọ̀dù bó ṣe ń pàdánù wọn. Àkurákudà àkọ́kọ́ gbé ọ̀kọ̀ àti okùn rì. Ó so ọ̀bẹ mọ́ àjẹ̀, ọ̀bẹ kán. Ó mú kùmọ̀, wọ́n já a gbà lóru. Ó fa ọ̀pá ìdarí ọkọ̀ yọ, òun náà ṣẹ́, ó fi èyí tó kù gún wọn. Ẹja tó gùn ju ọkọ̀ lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 2 sì ń kéré sí i ní gbogbo àkókò yẹn. Ẹ wá bi wọ́n pé ìgbà wo ni bàbá mọ̀ pé kò sí ẹja mọ́, kí ló sì ń jà fún lẹ́yìn náà.

Kí ẹ fi ojú ewé tó kẹ́yìn kún un. Obìnrin àlejò kan rí egungun ẹja nínú pàǹtírí létí omi, ó bi ẹni tó ń gbé oúnjẹ pé kí nìyẹn. Onítọ̀hún fẹ́ ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní àkurákudà. Obìnrin náà rò pé egungun àkurákudà ló ń wò, ó ní òun ò mọ̀ pé ìrù wọn dára tó bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó tọ́ ọ sọ́nà. Tí ẹ bá kà á débẹ̀, kí olùkọ́ kankan má dá sí i.