Ayọyìnyín, afọ́nyọ̀ tàbí ayọ́dì?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi, ọmọ wa kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Minnesota, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, bèèrè lọ́wọ́ wa pé kí ni ká máa pe rọ́bọ́ọ̀tì tí òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe, èyí tí yóò máa rìn lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nígbà òtútù, tí yóò máa fọ́n iyọ̀ sórí omi tó ti dì síbẹ̀, kí àwọn èèyàn má baà máa yọ̀ ṣubú. Orúkọ mẹ́ta la ti dá fún un: ayọyìnyín, afọ́nyọ̀ àti ayọ́dì. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú wọn.

Ayọyìnyín ló kọ́kọ́ wù mí, àmọ́ 'yọ' inú rẹ̀ ni èyí tí a fi ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀, ìyẹn ni pé kí á mú nǹkan kúrò níbi tó wà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn ẹ̀rọ inú ìdíje tí Institute of Navigation, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìtọ́nisọ́nà, bẹ̀rẹ̀ ní Minnesota lọ́dún 2011, tí wọ́n ń fi abẹ irin ti òjò dídì kúrò lọ́nà láìsí awakọ̀. Ti ọmọ wa kò ti nǹkan kan. Iyọ̀ ló ń jẹ́ kó ṣòro fún omi láti dì, yìnyín á sì yọ́. Ẹni tó dá orúkọ náà lè ní kí á kàn fi àmì òkè sí i, kó di ayọ́yìnyín. Ẹ wo ewu tó wà níbẹ̀: yọ, yọ́, yọ̀ àti iyọ̀ fúnra rẹ̀ ló pàdé lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo yìí, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ bí a ṣe ń kọ Yorùbá lórí fóònù.

Afọ́nyọ̀ dùn ún pè, ṣùgbọ́n ó so ẹ̀rọ náà mọ́ iyọ̀. Irú iyọ̀ tí a fi ń sebẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ tí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ -9 lórí òṣùwọ̀n Celsius, irú iyọ̀ mìíràn tó ń jẹ́ calcium chloride ni wọ́n sì ń lò tó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá wá fi ooru iná mànàmáná rọ́pò méjèèjì, ṣé afọ́nyọ̀ náà la ó ṣì máa pè é?

Ní ti ayọ́dì, fídíò tí ọmọ náà fi ránṣẹ́ ló bà á jẹ́ lójú mi. Garawa oníke ńlá kan wà lórí táyà mẹ́rin, iyọ̀ wà nínú rẹ̀, àwo pẹrẹsẹ kan sì ń yí bírí lábẹ́ rẹ̀ láti máa ta iyọ̀ náà káàkiri. Àwo ń yí, iyọ̀ kò jáde. Ọ̀kan nínú wọn mú òòlù onígi, ó ń gbá garawa náà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí ọmọ wa kọ sábẹ́ fídíò ni pé ọ̀rinrin ti wọlé, iyọ̀ ti dì. Omi ń dì, epo ń dì, ẹ̀jẹ̀ ń dì, iyọ̀ náà tún ń dì; èwo ni ayọ́dì fẹ́ yọ́ nínú wọn?

Asọyìnyíndomi ni àbá tèmi. Bí amúlétutù ṣe sọ ohun tó ṣe fún ilé láì sọ ọ̀nà tó gbà ṣe é ni èyí náà ṣe rí, ẹni tó bá sì rí i láìsí àmì kankan lórí rẹ̀ yóò kà á bó ṣe yẹ. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní èyí tó ń bá òjò já bọ́ látòkè nìkan ni yìnyín. Wọn kò parọ́: orí 38 ìwé Jóòbù nínú Bíbélì Yorùbá ya òjò dídì, yìnyín, ìdì omi àti ìrì dídì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, iṣẹ́ ńlá sì ni fún ìtumọ̀ tí a ṣe nílẹ̀ tí òjò dídì kì í ti í rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń pe èyí tó wà nínú fìríìsà ní yìnyín, kò sì sẹ́ni tó ṣì wá gbọ́.

Wọ́n fẹ́ kọ orúkọ náà sára garawa. Ọmọ náà ní àyè lẹ́tà 15 ló kù. Mo kà á, 13 ni asọyìnyíndomi.