Ilé iṣẹ́ ti kógbá sílé: kí la máa ṣe sí owó pẹ́ńṣàn tó wà ńlẹ̀?

Àǹtí Ọ̀tà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ilé iṣẹ́ tí àbúrò mi ọkùnrin ń bá ṣiṣẹ́ ti kógbá sílé láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Àgádágodo ló wà lẹ́nu géètì, ọ̀gá ò gbé fóònù. Ọmọ ọdún 38 ni. Wọ́n ń yọ owó pẹ́ńṣàn lára owó oṣù rẹ̀, ó sì ní PIN, ìyẹn nọ́ńbà pẹ́ńṣàn rẹ̀. Ṣé owó yẹn ti bá ilé iṣẹ́ lọ nìyẹn? Ṣé ó lè gbà á báyìí? Bó bá ríṣẹ́ mìíràn, ṣé kó ṣí àkáǹtì tuntun ni?

Alágbà Ìwé Owó: Ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí. Owó tó bá ti wọ RSA rẹ̀, ìyẹn àkáǹtì pẹ́ńṣàn tó wà lórúkọ rẹ̀, ti kúrò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́. PFA, ilé iṣẹ́ tó ń ṣàkóso owó pẹ́ńṣàn, ló ń bójú tó o; PFC, ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń pa owó náà mọ́, ló sì ń tọ́jú rẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn tí ilé iṣẹ́ jẹ ní gbèsè ò lè fọwọ́ kàn án.

Èyí tí wọ́n yọ tí wọn ò fi ránṣẹ́ ni wàhálà. Ilé iṣẹ́ tí nǹkan ò bá rọ̀ fún sábà máa ń dá owó pẹ́ńṣàn dúró ṣáájú owó oṣù, torí kò sẹ́ni tó ń pariwo nípa rẹ̀ lóṣooṣù. Kó gba statement lọ́wọ́ PFA, láti oṣù tó wọṣẹ́ títí dé ìparí, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ payslip, kó máa wò wọ́n lóṣù kọ̀ọ̀kan. Òfin pẹ́ńṣàn ti 2014 ní 8% lára owó òṣìṣẹ́ àti 10% látọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́, ó kéré tán, lórí àpapọ̀ owó oṣù gangan, owó ilé àti owó ọkọ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ ₦100,000, ₦18,000 ló yẹ kó wọlé. Oṣù tó bá fò, tàbí èyí tó jẹ́ ₦8,000 nìkan ló wọlé, kó fi bírò yí i ká.

Ọmọ Kọ́ọ̀tù: Mo fara mọ́ ohun tí Alágbà sọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá san owó oṣù, ọjọ́ iṣẹ́ 7 péré ni agbanisíṣẹ́ ní láti fi owó pẹ́ńṣàn ránṣẹ́. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, owó ìtanràn tí kò gbọdọ̀ dín sí 2% lóṣù á máa gorí gbèsè náà, inú RSA òṣìṣẹ́ ló sì yẹ kó wọ̀. Kó kọ̀wé sí PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣàn: orúkọ rẹ̀, PIN, orúkọ ilé iṣẹ́ bó ṣe wà ní CAC (àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀), àwọn oṣù tó fò, ẹ̀dà payslip àti statement. Wọ́n ní àwọn aṣojú tó ń gba irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Bí kọ́ọ̀tù bá ti yan ẹni tó ń ta dúkìá ilé iṣẹ́, kó tètè fi gbèsè tirẹ̀ sílẹ̀ níwájú onítọ̀hún pẹ̀lú. Bí wọ́n bá pín dúkìá tán kó tó dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Oṣù tí wọn ò san owó oṣù rárá yàtọ̀ o. Gbèsè owó oṣù nìyẹn, kó má pa á pọ̀ mọ́ ti pẹ́ńṣàn.

Ìyá Ìbejì PFA: Ní ti gbígba owó: ẹni tí kò tíì pé 50, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì ríṣẹ́ fún oṣù 4, lè béèrè 25% owó tó wà nínú RSA rẹ̀. Ó ku oṣù kan fún un nìyẹn. Lẹ́tà tó fi hàn pé iṣẹ́ ti parí ló máa ń há àwọn tí ilé iṣẹ́ wọn ti kú, torí kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ sí i. Kó tètè wá ẹni tó wà ní HR tẹ́lẹ̀, tàbí ẹni tí kọ́ọ̀tù yàn. Kó tún yẹ orúkọ àti ọjọ́ ìbí wò lórí NIN, BVN àti RSA. Bí ọ̀kan bá ní "Olúwaṣeun" tí èkejì ní "Seun", wọ́n á dá fọ́ọ̀mù padà.

Tí ebi ò bá pa á, kó má fọwọ́ kan án. Bó bá ríṣẹ́, PIN yẹn náà ni kó fún wọn. RSA kan ṣoṣo léèyàn ń ní.

Àǹtí Ọ̀tà: Ẹ ṣeun gan-an. PFA rẹ̀ kì í dáhùn ìpè. Ṣé ó lè kúrò lọ́dọ̀ wọn?

Ìyá Ìbejì PFA: Ó lè kúrò. Láti November 2020 ni wọ́n ti gbà á láyè, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ọ̀dọ̀ PFA tuntun ni kó lọ, kì í ṣe ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n kó gba gbogbo statement rẹ̀ lọ́wọ́ ti àtijọ́ kó tó kúrò, torí ìyẹn ni PenCom máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.