Ṣẹ́lò ń rì sábẹ́ ọ̀kẹ́sítrà nínú ìgbàsílẹ̀: kí la lè ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa gbígba orin sílẹ̀. Gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Kàbbà la ti ń gba kọnṣẹ́tò méjì sílẹ̀, ìyẹn orin tí ṣẹ́lò kan (gòjé ńlá) ti ń ṣíwájú ọ̀kẹ́sítrà. Èyí tí Haydn kọ ní kọ́kọ́rọ́ C kò le: óbò (fèrè onígi) méjì, họ́ọ̀nù méjì àti àwọn olókùn nìkan ni. Èyí tí Elgar kọ (1919) ni wàhálà, torí tròḿbóònù (fèrè idẹ ńlá) mẹ́ta wà níbẹ̀.

Máíkì méjì wà lẹ́yìn olùdarí, ní gíga mítà 3. Ẹyọ kan kọjú sí ṣẹ́lò, mítà 1 sí i. Tá a bá gbé ohùn máíkì ṣẹ́lò yìí sókè, ṣẹ́lò á dún bí ẹni pé yàrá ọ̀tọ̀ ló wà. Ohùn ń pẹ́ tó mílísẹ́kọ́ọ̀ǹdù 3 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Ṣé ká fi mílísẹ́kọ́ọ̀ǹdù 9 dá ohùn máíkì ṣẹ́lò dúró, kó lè bá ti máíkì méjì yẹn dé pọ̀, àbí etí ni ká fi wọ̀n ọ́n?

Pẹpẹ pákó tún ṣófo nínú. Irin ìdí ṣẹ́lò ń mì ín, okùn C wá ń hó ju àwọn yòókù lọ. Ṣé ká gbé e sórí sìmẹ́ńtì?

Ìgbà wo ló dáa jù? Òjò ń pariwo lórí páànù. Ọyẹ́ sì ń gbẹ igi, ìṣó okùn á máa yọ̀, ojú àtè á là. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wa lóhùn.