Òtútù ń bọ̀, ara sì ti ń dàgbà: báwo lẹ ṣe ń ṣe oko yín nígbà wíńtà?

BàbáOníwúrẹ́

Ẹ kú ilé o gbogbo ilé. Mo ti pé ẹni ọdún 71, ìyàwó mi jẹ́ 68, oko kékeré la wà, ewúrẹ́ mẹ́fà, adìyẹ bí ogún, igi ìdáná la fi ń mú ilé móoru. Ó ti lé lógún ọdún tá a ti wà níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ kúrò, torí ibẹ̀ ni mo ti ń jí tí ara mi ń yá. Àmọ́ wíńtà tó kọjá, mo ń gbé bókẹ́ẹ̀tì omi méjì lọ fáwọn ewúrẹ́ láàárọ̀, ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí yìnyín tí sínóò bò mọ́lẹ̀, mo fi ìbàdí lélẹ̀ gbì, omi dà sí mi lára títí wọnú bàtà. Mi ò lè dìde. Mo ń gbọ́ bí aṣọ ṣe ń le lára mi bíi pákó. Ìyàwó mi ò gbọ́ igbe mi, fèrèsé ti tì, ìgbà tó gbọ́ tí ewúrẹ́ ń ké ju bó ṣe máa ń ké lọ ló yọjú. Egungun ò kán, mo dúpẹ́, àmọ́ àwọn ọmọ ti ní ká tà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà tẹ́ ẹ ṣì wà lóko, kí lẹ dín kù, kí lẹ ò fi sílẹ̀?

ÌyáAdìyẹ

Ẹ pẹ̀lẹ́ Bàbá, ẹ kú ewu o. Ẹni ọdún 74 lèmi, ọkọ mi ti lọ, èmi nìkan ni mo wà níbí. Ohun tó gbà mí ni pé mo jókòó lọ́jọ́ kan, mo ka iye ìgbà tí mo ń jáde nínú òtútù lójúmọ́, ó tó mọ́kànlá! Igi, omi, oúnjẹ adìyẹ, ẹyin, tún padà lọ ti ìlẹ̀kùn... Mo wá ń sún nǹkan mọ́ra. Igi ọ̀sẹ̀ kan wà lábẹ́ òrùlé lẹ́nu ọ̀nà, oúnjẹ adìyẹ wà nínú dúrọ́ọ̀mù onídèrí nínú ilé wọn gan-an, kí eku má bàa rí i jẹ. Ìgbà mẹ́ta péré ni mo ń jáde báyìí. Omi, ìdajì bókẹ́ẹ̀tì ni mo ń gbé, mi ò kí ń gbé e kún mọ́, abọ́ rọ́bà ni mo sì ń bù ú sí torí tó bá dì, máa dojú ẹ̀ dé, máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, yìnyín á jábọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dí gbogbo ihò ilé adìyẹ torí òtútù. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí, èémí wọn àti ìgbẹ́ wọn mú ilé tutù rin, ogbe àkùkọ mi sì dúdú lẹ́nu, òtútù ti jẹ ẹ́. Ẹ ṣí ihò sókè, níbi tó ga ju orí wọn lọ, kí atẹ́gùn má fẹ́ lù wọ́n níbi tí wọ́n ń sùn. Ẹyin á dín kù lóòótọ́, adìyẹ ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ bíi wákàtí 14 lójúmọ́ kó tó yé dáadáa, mo fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sinmi ni tèmi. Àwọn ewúrẹ́ yín, ẹ fún wọn ní koríko gbígbẹ dáadáa nírọ̀lẹ́, bó ṣe ń dà nínú wọn ló ń mú wọn móoru mọ́jú.

Mo tún ta okùn láti ẹnu ọ̀nà dé ilé adìyẹ. Òun ni mo ń dì mú.

IgiGbígbẹ

Bàbá, ẹ kúkú dẹ́kun igi lílà nínú òtútù. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ìró àáké yẹn ń dùn mọ́ mi, àmọ́ ọ̀dọ́ kan ló ń là á fún mi báyìí nígbà tí ilẹ̀ bá ti yọ́, á tò ó, á gbẹ kí wíńtà tún tó dé. Igi tútù ò dáa rárá, omi inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀ sí ìdá 20 nínú 100, igi mìíràn ń gbà tó oṣù mẹ́fà, igi oak lè gbà tó ọdún méjì. Tẹ́ ẹ bá ń dá igi tútù, èéfín ẹ̀ ń di ọ̀dà dúdú mọ́ inú ṣímíní, ọjọ́ tí ọ̀dà yẹn bá gbaná, ó di wàhálà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbá ṣímíní lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán, ẹ má gun òrùlé fúnra yín o!

Eérú náà, bókẹ́ẹ̀tì irin onídèrí, kẹ́ ẹ gbé e jìnnà sí pákó, torí ẹ̀yinná lè wà láàyè nínú ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Kẹ́ ẹ sì fi alámù carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde látinú iná, sítòsí yàrá tẹ́ ẹ ń sùn, afẹ́fẹ́ yẹn ò ní òórùn.

Nọ́ọ̀sìTóFẹ̀yìntì

Bàbá mi, aṣọ tútù yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Tí ooru ara bá ti bọ́ sí ìsàlẹ̀ 35 lórí ìwọ̀n Celsius, ewu ti dé, àgbàlagbà sì lè má tètè mọ̀ ọ́n lára, kódà ó lè ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí iná bá ti kú lóru. Tí Màmá bá rí i pé ọ̀rọ̀ yín ń wúwo lẹ́nu, tí oorun ń kùn yín, tí ọwọ́ yín ò lè de bọ́tìnnì, kí wọ́n bọ́ aṣọ tútù kúrò kíá, kí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé yín, kí wọ́n pe dókítà.

Sínóò kíkó náà, òtútù ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ apá sì ń ti ọkàn, àwọn méjèèjì pọ̀ fún ọkàn àgbà. Ẹ máa tì í ni, ẹ má máa gbé e sókè, ẹ kó o nígbà tó ṣì fúyẹ́, ẹ sinmi. Àyà dùn yín pẹ́nrẹ́n, ẹ ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ẹ pe ìrànlọ́wọ́. Kí fóònù wà lára yín, nínú àpò tó wà lábẹ́ kóòtù, torí òtútù ń pa bátìrì. Ẹ so fèrè mọ́ ọrùn.

AṣíkúròLóko

Èmi ti kúrò ní tèmi, inú wíńtà gan-an la kúrò, lẹ́yìn tí ìyàwó mi ṣubú. A ta àwọn ẹran láàárín ọjọ́ mẹ́ta, mi ò rí àyè dágbére fún ìkankan nínú wọn. Ó ṣì ń dùn mí. Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ, Bàbá, àmọ́ ẹ jókòó sọ ọ́ nígbà tí oòrùn ń ràn. Àwa méjèèjì ò mọ iṣẹ́ ara wa, ìyàwó mi nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń tan sítóòfù yẹn.

BàbáOníwúrẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún ìyàwó mi lálẹ́ àná, nígbà tá a dé orí ọ̀rọ̀ ti ẹ̀gbọ́n tó kẹ́yìn yìí a ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. A ti pinnu: ewúrẹ́ mẹ́rin máa lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò kí ìrì dídì tó bẹ̀rẹ̀, méjì máa kù, torí ewúrẹ́ kan ò ṣeé dá fi sílẹ̀, á máa ké ni. Ìyàwó mi máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fún wàrà, èmi náà máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pa omi páìpù kó má dì. Fèrè ti wà lọ́rùn mi bí mo ṣe ń tẹ èyí.

ÌyáAdìyẹ, okùn yẹn, kí lẹ so ó mọ́?

ÌyáAdìyẹ

Òpó irin ni, kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀ tó dì o. Ó ga tó ìbàdí mi. Mo ta kókó sí i ní gbogbo ìṣísẹ̀ márùn-ún, tí ibọ̀wọ́ bá wà lọ́wọ́ mi, tí sínóò sì bo ojú, mo ń fi kókó yẹn mọ ibi tí mo dé.