Ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, fóònù mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́wàá: báwo la ṣe máa kọ́ wọn ní fíìmù ṣíṣe ní Ìlọrin?

Olùkọ́_Tanke
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa fíìmù. Họlidé oṣù kẹjọ la fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ SS1 àti SS2, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ sí méjì ọ̀sán. Fóònù Android mẹ́ta àti láptọ́ọ̀pù kan la ní, owó ọwọ́ wa ò sì ká kámẹ́rà. Kí ni ká kọ́kọ́ rà? Báwo la ṣe máa pín ọjọ́ tí fíìmù á fi parí?

OníMáìkì
Ẹ gbàgbé kámẹ́rà. Máìkì olókùn tí wọ́n ń há mọ́ ọrùn aṣọ ni kí ẹ rà, ọ̀kan fún fóònù kọ̀ọ̀kan. Èèyàn lè fara da àwòrán tí kò mọ́lẹ̀ tó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa jókòó ti ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́.

Ẹ yẹ ẹnu okùn náà wò kí ẹ tó sanwó. Tó bá jẹ́ ti ihò yíyípo, ìlà mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wà lára irin rẹ̀. Onílà méjì, kámẹ́rà ńlá ló wà fún. Fóònù ò ní dá a mọ̀, máìkì inú fóònù ló máa máa gbohùn lọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀ títí dìgbà ẹ́díìtì. Nítorí náà, ẹ ya ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ yọ máìkì, kí ẹ fi yíàpíìsì gbọ́ ọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìnṣì mẹ́fà sí mẹ́jọ sábẹ́ àgbọ̀n ni kó wà. Fún ọmọ tó wọ híjáàbù, ìta híjáàbù ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, torí bó bá wà lábẹ́, ìró aṣọ ló máa bo ohùn. Ẹ pa fáànù, fíríìjì àti jẹnẹrétọ̀. Níbi kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ènìyàn dákẹ́ fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú kí ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀. Òun lẹ máa fi dí àlàfo tẹ́ ẹ bá ń gé ọ̀rọ̀. Tí òjò bá ti ń lu páànù, ẹ má ya ọ̀rọ̀ kankan nínú ilé.

Ọmọ_Òkèlele
Òótọ́ ni OníMáìkì sọ. Ti àwòrán: 1080p (bí àwòrán ṣe mọ́ tó), 25 fps (àwòrán mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), kí shutter, ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 1/50 ìṣẹ́jú àáyá. Iná ìjọba wa, 50 Hz ni, ìyẹn ni pé ó ń lọ ó ń bọ̀ nígbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tẹ́ ẹ bá lo 1/60, àwọn gílóòbù kan máa ń fa ìlà tó ń rìn lójú àwòrán. Fóònù tí kò ní ibi tí wọ́n ti ń yí shutter, ìta tàbí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni kí ẹ ti lò ó. Ẹ tẹ ojú òṣèré mọ́lẹ̀ lórí fóònù títí tí àmì àgádágodo á fi jáde, kí ìmọ́lẹ̀ má baà máa yí padà. Ẹ gbé fóònù sí airplane mode.

Fídíò ìṣẹ́jú kan máa ń gba bíi 130 MB, nítorí náà ẹ fi 15 GB sílẹ̀ lórí fóònù kọ̀ọ̀kan. Lórí fóònù ni kí wọ́n ti fi CapCut, áàpù tí wọ́n fi ń gé fídíò, ṣe ẹ́díìtì, kí láptọ́ọ̀pù máa tọ́jú ẹ̀dà lálaalẹ́. Okùn ni kí ẹ fi kó o. Fídíò tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ lásán lórí WhatsApp, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ìyá_Ọ̀fà
Ọmọ márùn-ún fún ẹgbẹ́ kan: olùdarí, ayàwòrán, oníohùn, òṣèré méjì. Gbogbo wọn ló máa fẹ́ ṣe òṣèré, ẹ máa pààrọ̀ iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Ẹ má fi ìwé kíkọ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kìíní àti ìkejì, kí wọ́n ya ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, láìsí ọ̀rọ̀: ọwọ́, ojú, ẹ̀yìn èjìká, gbogbo ibi iṣẹ́, ohun èlò kan, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá. Àwọn amọ̀kòkò Dada ní àdúgbò Òkèlele, nílùú Ìlọrin, àti àwọn ahunṣọ òkè dára fún èyí. Ọjọ́ kẹta àti ìkẹrin fún ìtàn: ojú ìwé kan tó bí ìṣẹ́jú kan, kó má ju mẹ́ta lọ, ibi méjì péré. Ọjọ́ karùn-ún sí ìkeje fún yíyà, kí ìkeje wà nípamọ́ bí òjò bá dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án fún ẹ́díìtì. Ọjọ́ Jímọ̀, ẹ dáwọ́ dúró kó tó di agogo méjìlá ààbọ̀.

Olùkọ́_Tanke
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ṣé a nílò àṣẹ ní Dada?

Ìyá_Ọ̀fà
Dandan ni. Ẹ lọ kí àwọn àgbà ibẹ̀ láìgbé fóònù dání, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa sun ìkòkò, kí ẹ sì gba ìwé ìfọwọ́sí òbí ọmọ kọ̀ọ̀kan.